Okùn Kì Í Ṣe Nǹkan Kékeré Lórí Ọkọ̀ Ìgbòkun

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ okùn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe okùn ewúrẹ́, kì í ṣe okùn tí a fi ń di igi. Okùn tí wọ́n fi ń gbé ìgbòkun sókè lórí òpó ọkọ̀ ni, àti èyí tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ti wọ inú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí pé: “Akọ̀wé, kí ló kan ará Abẹ́òkúta nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun? Abẹ́ òkúta la wà, a kò sí létí òkun.” Ẹ jẹ́ n dáhùn. Odò Ògùn tí ó gba ìlú wa kọjá, inú ọ̀sà Èkó ló ń dà sí. Kí ojú irin tó dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó epo pupa àti òwú wa lọ sí Èkó, tí ó sì ń kó ọjà òkè òkun bọ̀ wá fún wa. Aro ni èbúté wa nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ni iṣẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ odò bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sà Èkó, ìgbòkun kò tíì di ìtàn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwa yanrìn nísàlẹ̀ omi. Wọ́n á mú garawa, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà lọ sísàlẹ̀, wọ́n á bu yanrìn, wọ́n á tún gòkè wá dà á sínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá kún, wọ́n á ta ìgbòkun tí wọ́n fi tapólì tàbí àpò rán pọ̀, atẹ́gùn á sì gbé wọn wá sí èbúté. Ní Ganvié, ní orí omi Nokoué ní ilẹ̀ Benin, irú ìgbòkun alábùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà títí dòní. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré ìdárayá náà wà: ọdún 1932 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club sílẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹni tí ń fi ẹ́ńjìnnì wa ọkọ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Atẹ́gùn kò ní kí ẹnikẹ́ni wá san owó epo. Okùn nìkan ló ń bèèrè.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyí: ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ní ọkọ̀ yanrìn ní Èkó, kọ ìwé ẹ̀yáwó síwájú ìgbìmọ̀. Okùn tuntun àti púlì ló fẹ́ fi owó náà rà. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní, “Okùn lásán? Ṣé a óò máa yá ènìyàn lówó okùn?” Wọ́n ti sún un sí ìpàdé tí ń bọ̀. Owó gbogbo wa ni owó ẹgbẹ́, nítorí náà ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tí okùn náà ń ṣe, kí a tó pè é ní lásán.

ÒPÓ, IGI ÌDÁBÙÚ ÀTI OKÙN WỌN

Òpó ni igi gíga tí ó dúró láàárín ọkọ̀. Igi ìdábùú ni èyí tí ó nà jáde láti ara òpó, tí ìdí ìgbòkun wà lórí rẹ̀, tí ó lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì bí ilẹ̀kùn tí ń yí lórí àgbékọ́. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní igi ìdábùú. Àwọn mìíràn ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan na ìgbòkun láti ìdí òpó lọ sókè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ yìí ní méjèèjì.

Èkínní ni okùn ìfàsókè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ọ̀pá àsíá ilé ìwé. Púlì kékeré wà lókè, okùn gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ọmọ ilé ìwé bá fa okùn wálẹ̀ ní apá kan, àsíá á gòkè ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbòkun ṣe ń gòkè. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àsíá kò ru ẹrù kankan, ṣùgbọ́n gbogbo agbára atẹ́gùn ló ń fa okùn ọkọ̀.

Èkejì ni okùn ìdarí. Òun ló so igi ìdábùú mọ́ inú ọkọ̀. Bí a bá fà á, ìgbòkun á súnmọ́ ọkọ̀. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ìgbòkun á ṣí síta. Ẹni tí ó di okùn yìí mú ló di agbára ọkọ̀ mú.

Ẹ̀kẹta ni okùn ìnà, tí ó na ìdí ìgbòkun lọ sí ìparí igi ìdábùú kí ó má baà ká kò. Ẹ̀kẹrin ni okùn ìtẹ̀mọ́lẹ̀, tí ó wà lábẹ́ igi ìdábùú, tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbé igi náà sókè. Àwọn wáyà tàbí okùn tí ó dúró gbọn-in, tí ó mú òpó kí ó má wó, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Àwọn tí à ń fà tí a sì ń dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Nísinsìnyí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí okùn bá já? Bí okùn ìfàsókè bá já, ìgbòkun á wó lulẹ̀ lójijì, ọkọ̀ á sì dúró láìní agbára. Ọkọ̀ tí ó kún fún yanrìn, etí rẹ̀ kì í jìnnà sí omi. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sà, tí ìgbì sì ń lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí ó bá jẹ́ okùn ìdarí ló já, igi ìdábùú á fò lọ sí ibi tí ó wù ú, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì wà lójú ọ̀nà gbé. Ṣé ẹ wá rí i? Ẹlẹ́mu tí ó wà lókè ọ̀pẹ kì í pe igbà rẹ̀ ní okùn lásán.

OHUN TÍ Ó Ń PA OKÙN

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Okùn ike tí ó bá wà nínú oòrùn lójoojúmọ́ á ṣá, á le, á sì máa hó bí ẹ̀fun. Iyọ̀ àti yanrìn ni èkejì. Omi ọ̀sà máa ń ní iyọ̀ nínú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí okùn bá gbẹ, iyọ̀ á kù sínú rẹ̀, ẹyọ yanrìn náà á sì há sáàárín òwú rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá fa okùn náà, ṣe ni wọ́n ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ láti inú. Ẹ ò wá rí i pé ìyà okùn ọkọ̀ yanrìn ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ?

Ẹ̀kẹta ni ìfarakanra. Bí ìgbòkun bá ti gòkè tán, ibi kan náà lára okùn ló máa ń tẹ púlì ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ló ń jẹ, tí ìyókù á ṣì dára. Púlì tí ó ti dípẹtà tí kò yí mọ́ tún burú jù. Ẹni tí ó bá ra okùn tuntun sórí púlì bẹ́ẹ̀, owó ló dà sómi.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ jókòó, kí ẹ fi ọwọ́ tọ okùn náà láti orí dé ìdí. Ibi tí ó bá tín-ín-rín ju ìyókù lọ, ibi tí ó pẹlẹbẹ, ibi tí ó le bí igi, ibi tí ó hu irun púpọ̀, ẹ fi aṣọ pupa sàmì sí i. Bí ó bá jẹ́ okùn lílọ́, ẹ tú u díẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀, okùn náà ti kú, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

OKÙN WO NI KÍ A RÀ?

Okùn tí ó rọjú jù ní ọjà ni okùn ike tí ń léfòó lórí omi, tí wọ́n ń pè ní polypropylene. Ó fúyẹ́, ó dára fún àwọn iṣẹ́ kéékèèké, ṣùgbọ́n oòrùn tètè ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá fi í ṣe okùn ìfàsókè, kí ẹ mọ̀ pé ẹ óò tètè padà sí ọjà.

Náílọ́nù lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń nà bí rọ́bà. Nítorí èyí ni ó ṣe dára fún ìdákọ̀ró: bí ìgbì bá fa ọkọ̀, okùn á nà díẹ̀, kò ní já. Ṣùgbọ́n lórí òpó, nínà yẹn kò dára. Ẹ ó fa ìgbòkun dé òkè pátápátá, atẹ́gùn á dé, okùn á nà, ìgbòkun á sọ̀ wálẹ̀, á sì dà bí àpò. Fún òpó àti igi ìdábùú, polyester ló dára jù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, ó sì ń fara da oòrùn ju ike yẹn lọ. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà léraléra ló wọ́n jù.

Nípa ìwọ̀n, okùn tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 8 sí 10 rọrùn fún ọwọ́ láti dì mú. Kí ẹ sì rí i pé ó ba ojú púlì mu: èyí tí ó tóbi jù á há, èyí tí ó kéré jù lè yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ púlì.

Nípa gígùn, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní òpó ga ní mítà 6. Okùn ìfàsókè máa lọ sókè, ó máa padà wálẹ̀: mítà 12 nìyẹn. Ẹ fi mítà 2 kún un fún ìso àti fún ọwọ́. Ó di mítà 14. Ẹni tí ó bá ra mítà 12 géérégé á rí i pé okùn kò tó nígbà tí ìgbòkun bá wà nílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ OKÙN ÒPÓ

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí, nítorí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ wúlò fún ọ̀pá àsíá náà. Okùn àtijọ́ ni a fi ń fa tuntun wọlé. Ẹ má ṣe yọ ti àtijọ́ kúrò kí tuntun tó gba ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú fa ti àtijọ́ jáde, òun ló máa wá ẹni tí yóò gun òpó. Òpó ọkọ̀ kì í ṣe igi àgbọn.

Èkínní: ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté ní ìgbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀, kí ìgbòkun sì wà nílẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tú mẹ́ta pọ̀, ẹ ó gbàgbé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹ ya ọ̀nà wọn sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èkejì: ẹ fi iná díẹ̀ yọ́ ẹnu okùn tuntun kí ó má baà tú, kí ẹ sì fi òwú dì í yí ká.

Ẹ̀kẹta: ẹ gbé ẹnu okùn tuntun àti ẹnu ti àtijọ́ kojú ara wọn. Ẹ má ta kókó, nítorí kókó kò ní gba inú púlì kọjá. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú tó nípọn rán ẹnu méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá fi téèpù wé e pinpin kí ó lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì dán.

Ẹ̀kẹrin: ẹnì kan á máa fa ti àtijọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹnì kejì á máa tú tuntun sílẹ̀ fún un. Kò sí jíjá gbà. Bí ó bá há, ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Agbára kọ́, ọgbọ́n ni.

Ẹ̀karùn-ún: bí ojú ìrán náà bá ti dé ọwọ́, ẹ ta kókó ńlá sí ìdí okùn tuntun kí ẹ tó tú u kúrò lára ti àtijọ́. Kókó yìí ni kò ní jẹ́ kí ìdí okùn fò gba inú púlì lọ lọ́jọ́ tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Bí okùn bá ti já kí ẹ tó rántí pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ tú òpó sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi okùn bọ púlì níbẹ̀. Ó gba àkókò, ó gba ènìyàn púpọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ á sì lọ. Ẹ má rán ọmọdé gun òpó nítorí pé ó fúyẹ́.

OKÙN IGI ÌDÁBÙÚ

Okùn ìdarí sábà máa ń gba púlì bíi mélòó kan kọjá kí ó tó dé ọwọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlà okùn mẹ́ta ló di igi ìdábùú mú, tí igi náà sì ń fa bí ẹrù kílò 60, bíi kílò 20 péré ni ọwọ́ á mọ̀, bí púlì bá ń yí dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: kí igi tó sún mítà 1, ẹ ó fa okùn mítà 3. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wọn okùn ìdarí, ẹ yí igi ìdábùú síta tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ka gbogbo ìlà rẹ̀.

Òfin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: a kì í so okùn ìdarí pa. Ọwọ́ ni kí ó wà, tàbí kí a lọ́ ọ mọ́ ibi tí a ti lè tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìjì bá dé lójijì, dídẹ̀ ni a óò dẹ okùn yìí kí atẹ́gùn lè jáde nínú ìgbòkun. Bí a bá ti so ó pa, ọkọ̀ á dojú dé kí ọwọ́ tó tú ìso.

Kí ẹ sì rántí pé gbogbo kókó ló ń dín agbára okùn kù. Òmíràn lè gba tó ìdajì. Okùn méjì tí wọ́n so pọ̀ láàárín kì í ṣe okùn kan. Ibi tí ó ní kókó yẹn ni á ti já.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍNÚ ẸGBẸ́

Èmi kọ́ ni ìgbìmọ̀, n kò sì ní pa àṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yáwó bá jẹ́ ti okùn, ìbéèrè mẹ́rin ni mo rò pé ó yẹ ká bi ẹni tí ó fẹ́ yá a. Ṣé ó ti wọn òpó àti igi ìdábùú rẹ̀, àbí ó kàn fojú díwọ̀n? Irú okùn wo ló fẹ́ rà? Ṣé púlì wà nínú owó náà? Ṣé ẹ̀wù amúniléfòó wà fún gbogbo ẹni tí ń wọ ọkọ̀? Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dára, a kò yá ènìyàn lówó okùn. Ọkọ̀, yanrìn inú rẹ̀ àti ẹ̀mí àwọn tí ń wà á ni a yá a lówó lé. Ọkọ̀ tí ó bá rì kì í san gbèsè.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, kì í kìlọ̀ púpọ̀ kó tó dé. Kí okùn tuntun ti wà lórí òpó kó tó di ìgbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan okùn, ẹ ká a síbi tí oòrùn kò sí, kí ẹ sì máa yí orí rẹ̀ sí ìdí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ibi kan ṣoṣo má baà máa jẹ ìyà lára púlì. Okùn tí ẹ bá yọ, ẹ fi di agbọ̀n. Ẹ má tà á fún ọlọ́kọ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin tí kò ní ọkọ̀ náà, ẹ lọ wo okùn kànga yín, ẹ wo èyí tí ẹ fi ń di tapólì mọ́ ẹrù lórí ọkọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ sì wo ọ̀pá àsíá. Ẹ fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí. Bí ó bá ti ń hu irun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ti àtijọ́ ṣì lè fa tuntun wọlé.

Ó dìgbà ìpàdé. Ẹ mú ìwé ìdáwó yín dání, ẹ sì tètè dé.

Akọ̀wé yín.